Ọ̀gá Bíréèkì àti Ahánbọ́ọ̀lù Mẹ́rin

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Mọ́tò pupa kékeré kan ni ilé ẹ̀kọ́ fi lé e lọ́wọ́, bíréèkì méjì ló sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìkejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíréèkì kejì yìí ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gá Bíréèkì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn dé egungun. A máa sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ayé ò ní adùn tó ju kí ẹlòmíràn di sitiarín mú, kó máa rò pé òun ló ń wa ọkọ̀, kó sì jẹ́ pé abẹ́ ẹsẹ̀ tìrẹ ni àṣẹ wà.

Ohun tó gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè rẹ́ òun jẹ. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó ra ọṣẹ bọ̀, á bá ọlọ́ṣẹ takú, á fà á síwá, á fà á sẹ́yìn, á wá gbé ọṣẹ tí kì í hó délé pẹ̀lú agbọ̀n ike tí ọlọ́ṣẹ fi ṣe ènì. Agbọ̀n ike ti kún ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ò rí ibi ṣeré mọ́, aṣọ ò sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Ọ̀gá Bíréèkì bó ṣe ń gbé agbọ̀n náà wọlé á rò pé ìlú kan ló ṣẹ́gun.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá rí pápá ìṣeré ni líìgì béésíbọ́ọ̀lù kan tí kò sí láyé. Ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé. Béésíbọ́ọ̀lù ni eré tí ẹnìkan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹnìkejì ń fi kóndó gbá a, tí á sì sáré yí pápá po kó tó padà síbi tó ti gbéra. Lẹ́yìn ẹni tó mú kóndó, ẹnìkan á lóṣòó pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ńlá, òun ló ń hán bọ́ọ̀lù tí kóndó bá tàsé. Ahánbọ́ọ̀lù là ń pe onítọ̀hún. Ọkùnrin mẹ́wàá ló wà nínú líìgì tí mo ń sọ yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ti mú kóndó lọ́wọ́ rí. Púpọ̀ nínú wọn ò lè sáré dé ẹnu géètì kí wọ́n má mí hẹlẹ. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣe eré náà. Kọ̀ǹpútà ló dá àwọn eléré, tó fún oníkálukú ní ọjọ́ orí, ìlera àti máàkì; bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé ẹgbẹ́ ko ẹgbẹ́, á sì fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù. Ohun tó kù fún àwọn ọkùnrin náà ò ju kí wọ́n jẹ́ mánìjà: kí wọ́n yan ẹni tí yóò ṣeré, kí wọ́n sì máa bá ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ eléré.

Pàṣípààrọ̀ yìí gan-an ni ilé Ọ̀gá Bíréèkì. Kò tiẹ̀ bìkítà fún èsì tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá nà án, á ní òun ń kọ́ ẹgbẹ́ fún ọ̀la. Ọ̀la náà kì í dé. Láàárín sáà kan ṣoṣo, ó ti gba eléré, ta eléré, gba òmíràn, títí tó fi dé ọjọ́ kan tó wo inú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ahánbọ́ọ̀lù mẹ́rin, nígbà tó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń lóṣòó lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta yòókù ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń jẹun tí kò sí.

Ìyẹn ì bá má jẹ́ nǹkan bí kì í bá ṣe ti òfin. Òfin líìgì ní ẹgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ ní ju eléré mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni kọ̀ǹpútà máa ń kà wọ́n, bí ó bá sì rí àṣẹ́kù, á já a dànù lófo. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹgbẹ́ Ọ̀gá Bíréèkì fi ẹnìkan lé. Ó ti kọ́kọ́ sáré fi ahánbọ́ọ̀lù kan gba ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá, ó yọ̀ títí, kó tó rántí pé ẹnìkan tó lọ, ẹnìkan tó dé, iye wọn ò yẹ̀. Ó tún fi ẹni ẹ̀yìn pápá náà gba ahánbọ́ọ̀lù mìíràn. Wọ́n tún di mẹ́rin.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló wù ú kó gbé lé ẹlòmíràn lọ́rùn. Bàbá Orúnkún ló ń pè é, nítorí pé ọdún méjìdínlógójì ni kọ̀ǹpútà fún un, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti di ìtàn. Máàkì rẹ̀ ń já bọ́ bí ewé. Ọ̀gá Bíréèkì ti fi lọ ẹni márùn-ún, ẹni márùn-ún náà sì fi àwòrán ẹ̀rín dá a lóhùn.

Nínú mọ́tò pupa náà ni oríire ti bá a. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, ìyá ọlọ́jọ́lórí tó ní òun ti gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò, òun ti gbé aláìsàn, òun ti gbé òkú, mọ́tò nìkan ló kù tí òun ò tíì gbé.

“Tísà, ṣé kí n yà àbí kí n má yà?”

“Ẹ máa lọ tààrà, Mà,” ni Ọ̀gá Bíréèkì wí. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù.

“Ògiri ló wà níwájú o.”

“Ẹ yà nígbà náà, Mà.”

Ìyá Nọ́ọ̀sì yà. Ó yà tán, ó mí kanlẹ̀. “Kí tilẹ̀ lẹ ń tẹ̀ látàárọ̀ yìí?”

“Bàbá àgbàlagbà kan ló wà lọ́rùn mi, Mà. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ń wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi, kó fún mi ní ọ̀dọ́ dípò rẹ̀.”

Bíréèkì tí Ìyá Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí imú àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. “Bàbá ta lẹ fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀?”

Ọ̀gá Bíréèkì wá ṣàlàyé fún un, bí mo ṣe ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, kò dá wọn lóhùn.

“Nínú kọ̀ǹpútà náà ni orúnkún ti ń dùn ún?”

“Orúnkún méjèèjì, Mà.”

“Kí ni wọ́n fi ń rà á?”

“Wọn kì í fi nǹkan kan rà á, Mà. Nọ́ńbà lásán ni.”

“Nọ́ńbà lásán.” Ìyá Nọ́ọ̀sì tún jíà mú, mọ́tò náà fò sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbéra. “Ẹ má tètè lé e ṣá. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní wọ́ọ̀dù wa láyé ọjọ́un. Kò lè dìde, kò lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá ti wà níbẹ̀, ara àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù á balẹ̀, wọ́n á tètè gbádùn. Dókítà gan-an ò mọ ìdí rẹ̀.”

Ọ̀gá Bíréèkì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà. Ìyá náà rò pé òun ti fẹ́ kọ lu nǹkan. Kò mọ̀ pé ọjà lòun já sílẹ̀ fún un.

Kí wọ́n tó dé iná ojú pópó, àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ Oníkẹ́míìsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú líìgì, tí apá ahánbọ́ọ̀lù tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: “Ọ̀rẹ́, wọ́n ní ahánbọ́ọ̀lù rẹ fara pa. Pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ta Ọ̀pómúléró o, mo sì mọ ohun tí máàkì rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kọ̀ǹpútà kì í fi hàn. Tí àgbà yẹn bá ti lóṣòó lẹ́yìn kóndó, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ajùbọ́ọ̀lù á balẹ̀. Mo ti ṣọ́ ọ títí. Àwa tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Títí di ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀pómúléró láyé tàbí nínú kọ̀ǹpútà. Bàbá Orúnkún ló sùn, Ọ̀pómúléró ló jí. Ohun tó sì fún irọ́ náà lẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá sọ irú ẹ̀ fún, á rò pé wọ́n ti fi òun joyè.

Oníkẹ́míìsì ka iṣẹ́ náà láàárín ẹni tó ń ra oògùn inú rírun àti ẹni tó ń ra bándéèjì. Ó rò ó wò. Ó kọ̀wé padà: “Fi ahánbọ́ọ̀lù kékeré yẹn lé e, kí n fún ọ ní Ọfà.” Ọfà yìí, ọ̀dọ́ ajùbọ́ọ̀lù ni, ọmọ ọdún méjìlélógún, bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa sáré ju ojú lọ. Ẹni méjì lọ, ẹnìkan dé, iye pé géérégé. Ọ̀gá Bíréèkì fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì wọn. Obìnrin yìí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń wọn ẹrù àwọn èèyàn lórí òṣùwọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń wọn ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kó tó gbà á.

“Ìyá Ìbejì, mo ti gbé arúgbó yẹn lé Oníkẹ́míìsì lórí o! Mo gba ọ̀dọ́ langba lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Oníkẹ́míìsì kan náà tó ta oògùn ikọ́ ìgò mẹ́ta fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ò húkọ́?”

“Ó fi ṣíbí ike méjì ṣe ènì.”

“Mo rí ṣíbí.” Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì dà, ó tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. “Ẹ kú oríire. Ẹ wá ní kí ọ̀dọ́ langba yẹn bá wa gbé sílíńdà jáde, gáàsì ti tán.”

Ọ̀gá Bíréèkì gbé sílíńdà náà fúnra rẹ̀, ó ń súfèé lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, ì bá dáa. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ Oníkẹ́míìsì bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn èèyàn. Wọ́n na ẹgbẹ́ kìíní, wọ́n na ìkejì, wọ́n na ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í nà. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí àwọn mánìjà pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé oògùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, oníkálukú lórí páálí òwú, Alága nìkan lórí àga, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Oníkẹ́míìsì dìde, ó wẹ ọ̀fun.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò bá tí sọ ọ́. Ọ̀pómúléró ni o! Tó bá ti lóṣòó báyìí, ọwọ́ àwọn ọmọ mi á balẹ̀ wọ̀ọ̀.”

“Wọ́ọ̀?” ni ẹnìkan bi í.

“Wọ̀ọ̀! Bí omi inú ìkòkò.”

Ọ̀gá Bíréèkì wolẹ̀ kí wọ́n má baà rí eyín rẹ̀. Inú rẹ̀ ń rín débi pé páálí tó jókòó lé ń mì. Èyí ti dùn jù! Ó ta àpò òfìfo fún ọkùnrin, ọkùnrin gbé àpò òfìfo sórí, ó ń jó.

Alága líìgì ni ọkùnrin kan tó ń wọn ilẹ̀, Awọnlẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló dàgbà jù, òun ló sì fẹ́ràn àlàyé jù. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá sọ tán, Awọnlẹ̀ á gbé e, á nà án sórí àwòrán, á fà á ní ìlà mẹ́rin. Ó ní ohun tí Oníkẹ́míìsì sọ yìí kò ya òun lẹ́nu. Ó ní nínú iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, òpó kan máa ń wà tí a rì mọ́lẹ̀, kì í rìn, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ara rẹ̀ la ti ń wọn gbogbo yòókù. Àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Awọnlẹ̀ fún Oníkẹ́míìsì ní ẹni tó mọ kóndó gbá jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gba Ọ̀pómúléró. Ẹgbẹ́ Awọnlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Ẹ wo ẹ̀dá èèyàn. Nígbà tí irọ́ náà wà lọ́wọ́ Oníkẹ́míìsì, ẹ̀rín ló ń pa Ọ̀gá Bíréèkì. Nígbà tó dé ọwọ́ Awọnlẹ̀, ẹ̀rín náà dín kù. Ọfà tó gbà ò ràn án lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù ọmọ náà a máa sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó wù ú ló ń sáré lọ. Wọ́n nà wọ́n lọ́jọ́ Ajé, wọ́n nà wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, Ọ̀gá Bíréèkì jókòó nínú mọ́tò pupa, ó tẹjú mọ́ èsì, ọ̀rọ̀ kan sì sọ sí i lọ́kàn: ọwọ́ ọmọ yìí ò balẹ̀. Kí ló lè mú ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀?

Ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ wí. Òun ló pa irọ́ náà, ó mọ ibi tó ti pa á, ó mọ òpópónà tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, èèyàn bíi tòun ò lè pa irọ́ lásán. Bóyá òun ti rí nǹkan náà láìmọ̀ pé òun rí i. Bóyá ẹnu ló sọ ọ́ kí ọpọlọ tó dé ibẹ̀. Ṣebí Oníkẹ́míìsì rí i? Ṣebí Awọnlẹ̀ rí i, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ wo nǹkan? Díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi, ó gba ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ta ohun iyebíye lọ́pọ̀.

Ó gba ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwòrán ilẹ̀ wà lára ògiri títí dé òkè, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró ní kọ̀rọ̀ bí àlejò tí a ò fún ní àga.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá bi yín léèrè Ọ̀pómúléró.”

“Kò sí ní títà.”

“Mo mọ̀, sà. Mo kàn ní kí n bi yín ni.”

Awọnlẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. “Àbúrò, ṣé o mọ ohun tó wà lára bàbá yẹn? Nǹkan kan wà tí kọ̀ǹpútà kì í fi hàn. Àwa tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀.”

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Bíréèkì gan-an nìyẹn, wóró sí wóró. Ì bá dá a mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lójú títì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló bù máṣọ. “Ẹ̀yin náà ṣàkíyèsí ẹ̀, sà?”

“Mo ti ṣọ́ ọ títí,” ni Awọnlẹ̀ wí.

Ohun tí Awọnlẹ̀ ń béèrè ni Ọfà, ahánbọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ tó dáa jù lọ́wọ́ Ọ̀gá Bíréèkì, àti ọmọ kan tó ń fi kóndó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá. Ẹni mẹ́ta fún orúnkún méjì. Ọ̀gá Bíréèkì ní òun á lọ rò ó. Ó rò ó títí dé ẹnu géètì, ó kọ̀wé pé òun gbà, ó wá ń retí kí Awọnlẹ̀ tẹ “mo gbà” tirẹ̀ kí ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀ tó tì fún sáà náà. Awọnlẹ̀ ò yá ara. Ó jẹ́ kó gbóná lórí iná.

Èsì náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ń la oríta ńlá kọjá. Iná ti fún un lọ́nà, ó mú sitiarín dáadáa, ó tiẹ̀ ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyìn, “O ṣeun, ìyá, máa lọ, jẹ́jẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún. Ọ̀gá Bíréèkì wò ó, ó rí “mo gbà”, ayọ̀ sì gbé e. Ẹni tí ayọ̀ bá gbé á fò sókè. Ẹni tó jókòó ò lè fò, ẹsẹ̀ ló máa nà. Ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ bá bíréèkì kejì.

Mọ́tò pupa náà dúró gbagidi láàárín oríta. Ọkọ̀ búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ò dúró. Ó wó bọ́ńpà mọ́ wọn nídìí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ já, búrẹ́dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí títì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn tó ń kọjá ló kọ́kọ́ jàǹfààní.

Ìyá Nọ́ọ̀sì yíjú sí tísà rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó ti ń bù fún un látìgbà yìí wá, ó gbàgbé rẹ̀ sórí àga. “Ìwọ ọmọ yìí, ta lo tẹ bíréèkì fún?”

“Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ti gbà ni.”

“Àwọn ta ló gbà? Kí ni wọ́n gbà?” Ó rí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. “Bàbá olórúnkún yẹn náà ni? Mo rò pé o ti tà á!”

“Mo rà á padà ni, Mà.”

Ìyá Nọ́ọ̀sì wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé wọ́ọ̀dù, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá oníbúrẹ́dì ṣa ọjà rẹ̀.

Màdáámù tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ò pariwo. Ó jẹ́ kí oníbúrẹ́dì rojọ́, ó jẹ́ kí Ìyá Nọ́ọ̀sì rojọ́, ó wá kọjú sí Ọ̀gá Bíréèkì. “Mo ti ní ilé ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi mọ́tò mi gun òkè gọ́tà, akẹ́kọ̀ọ́ ti fi í wọ inú ṣọ́ọ̀bù telọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa wa ọkọ̀ dáadáa, tí tísà á sì fa ìjàǹbá.” Ó gba kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ yẹn, inú kíláàsì ni Ọ̀gá Bíréèkì wà, níwájú pátákó, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àmì ojú títì fún àwọn tí kò tíì fọwọ́ kan mọ́tò. Bíréèkì ò sí níbẹ̀ rárá, kódà ẹyọ kan.

Ó gba ìyẹn mọ́ra. Ó ní ohun tó sọnù níhìn-ín, òun ti rí i lọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà ti fi àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dí àlàfo méjì tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀ ti tì gbọn-in, Ọ̀pómúléró sì ti padà sílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbé e síta. Èsì tó wọlé ò gùn: wọ́n ti nà wọ́n, lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan péré, pé orúnkún ahánbọ́ọ̀lù náà ti kọ̀ jálẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì kúrò nínú eré.

Ọ̀gá Bíréèkì ka ìlà náà títí iná fóònù fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ rí ojú rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, kí ló dé? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Ẹnìkan fẹ̀yìntì ni.”

“Ẹni yín ni?”

“Ọ̀pómúléró.”

Obìnrin náà mọ orúkọ náà. Ó ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n tà á, ó gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n rà á padà, ó sì ti rí bọ́ńpà. Ó bu oúnjẹ fún un, ó fi ẹran kan lé e. “Ẹ jẹun. Ó kúkú ti sìn yín dé ibi tó lè sìn yín dé.” Ó lọ sí kíṣìn-ìn. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń fi aṣọ bo ẹnu rín.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, yàrá ẹ̀yìn ilé oògùn kún ju bó ṣe máa ń kún lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún òun lẹ́yìn. Ọ̀gá Bíréèkì wọlé, ó lọ tààrà bá Oníkẹ́míìsì.

“Sọ òótọ́ fún mi. Ìwọ tó o ní ọwọ́ wọn ń balẹ̀ wọ̀ọ̀, ṣé o rí i tàbí o ò rí i?”

“Kí n rí kí ni?” Oníkẹ́míìsì ń ka kápúsù sínú ike, kò dá ọwọ́ dúró. “Ahánbọ́ọ̀lù mi fara pa, mo nílò ẹni tó máa lóṣòó. O fi ìtàn lé e fún mi. Mo ní ọjà, mo tún ní ìtàn ọjà. Èmi tó ń ta oògùn, ṣé wàá kọ́ mi? Ìtàn lo tà fún mi, ìtàn ni mo tà fún Alága, ìtàn lo sì lọ rà.”

“Ẹ̀gbọ́n,” Ọ̀gá Bíréèkì yíjú sí Awọnlẹ̀, “ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní ẹ ti ṣọ́ ọ títí.”

Awọnlẹ̀ gun àga rẹ̀ dáadáa. “Èmi? Mi ò gbà á gbọ́ rárá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni.” Ó sọ ọ́ tìyìtìyì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bíréèkì rí i tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbé ojú wo Oníkẹ́míìsì kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti le tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ lèyí náà. Ó mọ̀ pé Alága gbà á gbọ́ bí òun ṣe gbà á gbọ́, pé ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni pé ìkan ti tà kí orúnkún tó já, ìkejì ò tíì tà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹni tí ọjà kú sí lọ́wọ́ kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí páálí òwú, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Ìyá Nọ́ọ̀sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ lábẹ́ tísà mìíràn, wọ́n ní kò ṣe àṣìṣe kan. Nínú kíláàsì, Ọ̀gá Bíréèkì ò burú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń fi àpẹẹrẹ yé wọn, ní pàtàkì tó bá dé orí ẹ̀kọ́ pé kí èèyàn má tẹ fóònù nínú ọkọ̀. Wọ́n ní ó máa ń sọ ìyẹn tọkàntọkàn.

Nígbà tí sáà parí, kọ̀ǹpútà to gbogbo wọn bó ṣe yẹ. Oníkẹ́míìsì ṣe ipò kejì. Ọ̀gá Bíréèkì ṣe ìkẹsàn-án. Ẹni tó ṣe ìkẹwàá ni ọkùnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta gba fóònù rẹ̀ ṣeré, tó já ìdajì ẹgbẹ́ dànù. Ipò kẹrin ló ká Ọ̀gá Bíréèkì lára jù. Mánìjà kan ló wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣe pàṣípààrọ̀ kankan. Ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ náà ló parí sáà.

Ọ̀gá Bíréèkì rò pé ọgbọ́n ńlá kan ló wà nídìí ẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kí sáà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ó pe ọkùnrin náà lórí fóònù.

“Ẹ kú oríire o! Ipò kẹrin! Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n wo lẹ dá sí líìgì yìí?”

Ẹ̀rọ ńlá kan ń ké lẹ́yìn ọkùnrin náà lọ́hùn-ún. Ó ní kí ó tún un sọ. Ọ̀gá Bíréèkì tún un sọ, ó pariwo.

“Líìgì wo nìyẹn?” ni ọkùnrin náà bi í.